Mo Lóṣòó Dè É ní Ojú Ìlà

Ọjọ́ Sátidé ni àwọn ẹbí Bọ́lárìnwá láti Iléṣà ní àwọn máa wá mọ ilé wa. Láti ìdájí ni ìyá mi àti àwọn àbúrò wọn ti ń dáná lẹ́yìnkùlé wa ní Ìgbọ̀nà, ní Òṣogbo. A ti to àga, a ti fi aṣọ funfun bo tábìlì. Bàbá mi wọ agbádá aláwọ̀ ewé tí wọ́n dá nítorí ọjọ́ náà. Ọ̀gá ibùdókọ̀ ojú irin ni bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ẹni tó bá sì ti jẹun rélùwéè kì í pẹ́ dé ibì kankan. Aago mẹ́wàá ni a dá. Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù tí wọ́n ti jókòó sórí àga wọn, tí wọ́n kọjú sí títì.

Èmi wà nínú yàrá. Mo ti lé tìróò, làálì ti pọ́n lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ mi. Mo ń fojú inú wo Bọ́lárìnwá, àfẹ́sọ́nà mi, bí yóò ṣe dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá mi, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí àwọn àǹtí mi yóò ní àyà rẹ̀ kò kanlẹ̀, kí ó tún un ṣe, tí yóò sì gbójú sókè wò mí pẹ̀lú ẹyinjú rẹ̀ tó máa ń yọ́ mi bí òrí inú oòrùn. Mo tilẹ̀ ti yan ẹ̀rín tí n óò rín sí i.

Aago mẹ́wàá lù, wọn ò dé. Ọ̀sán pọ́n, wọn ò dé. Ìrẹsì tutù nínú ìkòkò, àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lójú fèrèsé. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun Màgáríbì ni fóònù mi dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni.

"Rùkáyà, má bínú. Mo ti rò ó dáadáa. O máa ń fà mí sẹ́yìn. Ibi tí mò ń lọ jìnnà."

Bàbá mi kò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n bọ́ agbádá náà, wọ́n ká a, wọ́n gbé e fún mi. Wọ́n ní, "Kò tilẹ̀ rán ẹnì kan kó wá sọ pé ká má dúró mọ́." Wọ́n wọlé lọ.

Gbólóhùn yẹn ni egungun tó há mi lọ́fun. Ìfẹ́ lè kú, ká sin ín, ká sunkún rẹ̀, ká gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi bàbá mi jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ lójú gbogbo Ìgbọ̀nà, mo búra pé n óò gba ẹ̀tọ́ bàbá mi lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdíje alápá mẹ́ta ló so èmi àti Bọ́lárìnwá pọ̀. Ènìyàn á kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́. Tó bá jáde nínú omi, á gun kẹ̀kẹ́ ológeere. Tó bá sọ̀ lórí kẹ̀kẹ́, á tún sáré, kò sí ìsinmi láàárín. Àwọn ará Iléṣà tó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀ ń pè é ní Mẹ́talọ́kan, wọ́n á sì ní kí Olúwa dárí ji àwọn. Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì ìjọba ní Abẹ́rẹ́. Torí kí ìdí àga má baà pa mí ni mo ṣe dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní òwúrọ̀ Sátidé. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ó ga, ó dúdú, ara rẹ̀ ń dán bí iṣin tó là. Tó bá ti orí kẹ̀kẹ́ wẹ̀yìn wò mí, ọ̀nà Ìbòkun eléruku á di ọ̀nà àlùjánnà. Ó yára jù mí lọ nínú ohun gbogbo. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi jù ú lọ: mo máa ń mọ ìgbà tí yóò dé.

Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé, "Eré tí ọkọ̀ ojú irin ń sá kọ́ ni àkókò rẹ̀. Ibi tó ń dúró sí ni kí o kà." Nítorí náà, tí Bọ́lárìnwá bá ní òun á parí ìdíje kan ní wákàtí mẹ́ta, èmi á ní, "Olówó orí mi, o ò ka ìgbà tí o máa fi wọ bàtà. O ò ka òkè. Ẹsẹ̀ tó ti gun kẹ̀kẹ́ kì í sáré bí ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí." Á rẹ́rìn-ín, á fà mí létí, á pè mí ní Ìyá Aláago. Ṣùgbọ́n tó bá parí, àkókò tèmi ló máa ń bọ́ sí. Ọdún méjì ni mo fi jẹ́ aago ọwọ́ rẹ̀. Ó jù mí nù tán, kò ra òmíràn.

Nígbà tí mo sunkún títí tí ó sú mi, mo lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Susannah ni orúkọ wọn, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì pọ́ńbélé tó fi ọmọ rẹ̀ fún Mùsùlùmí Òṣogbo láìjanpata. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́. Mo ní kí wọ́n gbàdúrà fún mi kí n lè gbàgbé.

"Kí o gbàgbé kí ni?" ni wọ́n bi mí. "Ṣé o mọ iṣẹ́ tí bàbá tèmi ṣe?"

"Wọ́n ta aṣọ ni, Ìyá Àgbà."

"Òṣómàáló ni. Á gbé aṣọ láti ìlú dé ìlú, á fún wọn láwìn. Tí ọjọ́ bá pé, tí ẹni tó gba aṣọ ń sá fún un, bàbá mi ò ní jà, kò ní pariwo. Á lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ulé olúwa ẹ̀. Oòrùn ń pa á, òjò ń pa á, ibẹ̀ ló máa wà, títí gbogbo àdúgbò á fi mọ ohun tó ń dúró dè. Ìtìjú ló máa bá a gba ẹ̀tọ́ ẹ̀." Wọ́n fi ọ̀bẹ lélẹ̀, wọ́n wò mí. "Wọ́n jẹ ọ́ ní gbèsè, ìwọ ń sọ̀rọ̀ ìgbàgbé fún mi nínú ulé yìí."

"Wọn ò jẹ wá lówó, Ìyá Àgbà. Ìdọ̀bálẹ̀ ni wọ́n jẹ bàbá mi."

"Ìyẹn ló burú jù. Ẹni tó jẹ owó ṣì lè ní òun ò rí. Ta ni ò ní àyà tó máa fi kanlẹ̀?"

Ọjọ́ yẹn ni ẹkún mi dá.

Kò pẹ́ sí i ni wọ́n kéde ìdíje alápá mẹ́ta kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. A ó lúwẹ̀ẹ́ nínú omi dáàmù tó wà lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, a ó gun kẹ̀kẹ́ kọjá Ìwáràjà lọ sí òkè tó wà níwájú rẹ̀, a ó ṣẹ́rí padà, a ó wá sáré gba àárín ìgboro dé pápá ilé ìwé kan. Ọ̀gbẹ́ni Adédìran, olùkọ́ eré ìdárayá, ló ṣètò rẹ̀. Wọ́n ní kí oníkálukú kọ àkókò tó rò pé òun máa fi parí sórí Wáàsáàpù tí wọ́n kó wa jọ sí, kí àwọn lè mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ wọ omi, àti bí àwọn tó ń pín omi mímu yóò ṣe pẹ́ tó lójú ọ̀nà.

Mo jókòó ti bàbá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo sọ bí mo ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ nínú púùlù hòtẹ́ẹ̀lì fún wọn.

"Ṣé púùlù ní ìgbì?" ni wọ́n bi mí. "Ṣé ènìyàn máa ń fẹsẹ̀ gbá ọ lójú nínú ẹ̀? Fi kún un."

Mo sọ ti kẹ̀kẹ́.

"Lọ́jọ́ tí o gùn ún, ṣé o ti kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́?"

"Rárá, sà."

"Fi kún un."

Nígbà tí ó kan eré sísá, wọ́n kàn wò mí ni, èmi fúnra mi fi kún un. Lẹ́yìn náà a ka àwọn ibi tí ọkọ̀ máa dúró sí: ibi tí n óò ti bọ́ aṣọ omi, ibi tí n óò ti wọ bàtà, ibi tí n óò ti tún híjáàbù mi dè, ibi tí n óò ti fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Ohun tó jáde ni wákàtí mẹ́ta àti àádọ́ta ìṣẹ́jú.

Bàbá mi ní, "Ìyẹn bí ọjọ́ bá dára. Bí kò bá dára, wákàtí mẹ́rin lé díẹ̀. Bó bá burú pátápátá, o ṣáà máa dé. Mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dání, kí èyí tó bá já má baà já ọ láyà."

Mo kọ èyí àkọ́kọ́ sórí Wáàsáàpù. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí Bọ́lárìnwá fi fèsì. Láti ọjọ́ tí ìrẹsì ti tutù, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ nìyẹn.

"Ìyá Aláago, ṣé o fẹ́ lọ sùn ní Ìwáràjà kí o tó padà ni?"

Àwọn èèyàn ń fi àwòrán ẹ̀rín ránṣẹ́. Mo rántí Ìyá Àgbà, mo lóṣòó nínú ọkàn mi.

"Àwa ò lẹ́sẹ̀ bíi tiyín," ni mo kọ. "Ìwọ ńkọ́?"

"Wákàtí méjì àbọ̀."

Mo mọ ibi tó ti mú un. Ó kó ohun mẹ́ta tó dára jù láyé rẹ̀ jọ, ó rò wọ́n pọ̀: bó ṣe lúwẹ̀ẹ́ nínú púùlù nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, bó ṣe sáré ní àárọ̀ ọjọ́ kan tó sùn dáadáa, àti bó ṣe gun kẹ̀kẹ́ láti Iléṣà wá sí Òṣogbo. Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹ̀kẹ́ yẹn. Ọ̀nà náà ń da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá sísàlẹ̀, Bọ́lárìnwá sì rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn tírélà kan tó ń dí atẹ́gùn fún un títí tó fi wọ ìlú. Tírélà ló gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ náà. Ká ní mo ṣì jẹ́ aago rẹ̀ ni, ǹ bá sọ fún un pé, "Olówó orí mi, wákàtí mẹ́ta lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí o sì dúpẹ́ tó o bá rí i."

Dípò ìyẹn, mo kọ ọ́ pé, "Ẹnu dùn ún ròfọ́. Tó bá dá ọ lójú, lọ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín."

Mo mọ ẹni tí mo fẹ́ fẹ́. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, fídíò dé. Bọ́lárìnwá dúró níwájú ìjọ wọn ní Iléṣà, Julianah, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tuntun, dúró tì í, ọmọge tó rẹwà tí ojú rẹ̀ tutù. Bọ́lárìnwá ní kí ìjọ fi àdúrà ti òun lẹ́yìn, wákàtí méjì àbọ̀ ni òun máa fi parí. Olùṣọ́àgùntàn gbọ́wọ́ sókè, ó ní, "Mo rí i tó ń parí ní wákàtí méjì àbọ̀." Gbogbo ìjọ ṣe àmín, àmín náà mi òrùlé. Láti ìgbà náà lọ, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ẹsẹ̀, ó ti di ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́. Bó bá ní òun fẹ́ fi ìṣẹ́jú márùn-ún péré kún un, wọ́n á ní ó ti ń ṣiyèméjì. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wọn ti tẹ̀ ẹ́ sára síńgílẹ́ẹ̀tì: MÉJÌ ÀBỌ̀ NÍ ORÚKỌ JÉSÙ.

Ọ̀gbẹ́ni Adédìran pè mí lórí fóònù.

"Rùkáyà, ìwọ lo máa ń bá ọmọ yìí ṣírò tẹ́lẹ̀. Méjì àbọ̀ tó ń pariwo yìí, ṣé ó ṣeé ṣe? Torí ẹni tó ń lépa méjì àbọ̀, omi àti oúnjẹ méjì àbọ̀ náà ló máa gbé dání."

Ẹ̀rí ọkàn mi dúró níbẹ̀, ó ń wò mí. Èmi náà wo àpótí tí agbádá bàbá mi wà.

"Ẹ̀gbọ́n, ó mọ ara ẹ̀," ni mo fèsì. "Ìjọ tiẹ̀ ti ṣe àmín sí i."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "O ti dákẹ́ jù fún mi, Rùkáyà."

"Ẹ má bínú, sà."

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdíje, bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà pẹ̀lú agbádá aláwọ̀ ewé lọ́rùn. N ò mọ ìgbà tí wọ́n mú un nínú àpótí mi. Wọ́n lọ jókòó ti Ìyá Àgbà lábẹ́ ìbòòrùn tó wà ní ojú ìlà ìparí, wọ́n yẹ aago ọwọ́ wọn wò.

Ní etí omi dáàmù, Bọ́lárìnwá ń na apá. Julianah gbé aṣọ ìnura rẹ̀ dání. Nígbà tó rí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tó ti máa ń gbé mi sùn rí.

"Ìyá Aláago, tí mo bá parí tán, tí mo jẹun, tí mo sùn, tí mo jí, n óò wá pàdé ẹ lọ́nà."

"Má ṣèyọnu," ni mo wí. "Èmi ni n óò dúró dè ẹ́."

Ó yíjú sí Julianah. "Ṣé o gbọ́? Ó ṣì ń dúró dè mí."

"Ó ti mọ́ wa lára," ni mo fèsì. "A ti dúró dè ẹ́ rí nílé wa, tòun ti ìrẹsì."

Bọ́lárìnwá rẹ́rìn-ín. Julianah kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n fun fèrè. Àwọn tó yára kọ́kọ́ wọ omi, Bọ́lárìnwá sì bẹ́ sí i bí ẹja àrọ̀ tó já lẹ́nu ìwọ̀. Èmi wà lára àwọn ìkẹyìn. Omi tutù, ó ṣókùnkùn, ẹnì kan sì fẹsẹ̀ gbá mi lójú bí bàbá mi ṣe wí. Díẹ̀ ló kù kí n rẹ́rìn-ín sómi. Mo ti ka ẹsẹ̀ náà mọ́ àkókò mi. Nígbà tí mo jáde, mo rọra nu ẹsẹ̀, mo de híjáàbù, mo jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, mo mu omi. Àwọn kan ń fi ẹsẹ̀ tútù jìjàdù wọ bàtà, wọ́n ń ṣubú lu ara wọn.

Àfi ìgbà tí mo kọjá Ìwáràjà, tí òkè bẹ̀rẹ̀, ni ìbínú wá fẹ́ gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi. Mò ń gùn ún lọ sókè ni mo rí Bọ́lárìnwá tó ti ṣẹ́rí, tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ bí ọfà. Ó gbórí sókè bó ṣe fẹ́ kọjá mi.

"Ṣé kí n ra àkàrà dè ẹ́?" Ó ti lọ.

Ẹ̀jẹ̀ ru sí mi lórí. Mo dìde lórí ìjókòó kẹ̀kẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo fẹ́ yára ṣẹ́rí kí n lè lé e bá. Mo fẹ́ fi táyà gun àkàrà náà mọ́ ọn lẹ́nu. Mo kọjá ẹnì kan, mo kọjá ẹlòmíràn, àyà mi ń jó, itan mi bẹ̀rẹ̀ sí í wárìrì. Ìgbà náà ni ohùn Ìyá Àgbà dún létí mi, bí ẹni pé wọ́n jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ wọn. Bàbá tiwọn ò sáré lé onígbèsè rí láyé. Ó ń lóṣòó ni. Onígbèsè ló máa ń sáré.

Mo padà jókòó. Mo jẹ́ kí àwọn tí mo kọjá padà kọjá mi. Nígbà tí èémí mi balẹ̀, mo rántí ohun tí ìbínú kò jẹ́ kí n kà sí: kí Bọ́lárìnwá tó wò mí, aago ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò. Ìgò omi ara kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti ṣófo. Mo mọ ìwò yẹn. Ó ti pẹ́, ó sì ti mọ̀ pé òun ti pẹ́, ó ṣì máa sáré ju agbára rẹ̀ lọ torí àmín àwọn ènìyàn.

Inú mi dùn débi tí mo fi kọrin sọ̀ kalẹ̀ òkè náà.

Wákàtí méjì àbọ̀ ti kọjá lọ pátápátá nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Oòrùn ti mú. Ẹsẹ̀ mi wúwo bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n a ti kà á bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, n ò bá a jà. Mo ń sá a jẹ́jẹ́. Ní àárín ìgboro Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, níbi tí wọ́n ti ń ta sìmẹ́ǹtì, mo rí ọkùnrin kan tó di òpó iná mú bí ẹni tó dì mọ́ ìyá rẹ̀. Òun ni. Pajápajá ti mú un ní itan méjèèjì, iyọ̀ òógùn ti gbẹ sí i lójú funfun báláú.

"Rùkáyà."

Mo dúró, mo ń sáré lójú kan kí ẹsẹ̀ mi má baà kú.

"Dúró dè mí," ló wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bíi ti ìgbà àtijọ́, ìgbà tí à ń gun kẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà Ìbòkun. "Jọ̀ọ́. Ìjọ mi wà níbẹ̀. Má jẹ̀ẹ́ kí n dá nìkan wọlé. Ká jọ wọlé."

Ọkàn mi, ọkàn tó ti ka ìwé ìfẹ́ tó pọ̀ jù, ta kìjí. Mo mọ̀ pé nínú àwọn ìwé yẹn, ibí ni ọmọbìnrin náà ti máa na ọwọ́, tí wọ́n á jọ wọlé bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn ò tíì wọ̀. Ó ṣì wà lókè, ó ń mú kí bàbá mi làágùn nínú agbádá wọn lábẹ́ ìbòòrùn.

Mo na ìgò omi mi sí i.

"Mu ún," ni mo wí. Ẹ má pè é ní àánú. Mo fẹ́ kó dé ni. Gbèsè tó bá kú sójú ọ̀nà ò ṣeé gbà.

Ó mu ún tán, omi ń dà sí i láyà. "O ò ní dúró?"

"Ibi tí wọ́n ti ń dúró ni mò ń lọ."

Wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́ta ni mo fi parí. Bàbá mi dìde, wọ́n fi aago ọwọ́ wọn hàn mí, wọ́n mi orí bí ìgbà tí ọkọ̀ Ìbàdàn bá wọlé lásìkò. Wọ́n gbé àga fún mi. N kò jókòó. Mo padà sẹ́bàá ìlà ìparí, mo kọjú sí ọ̀nà, mo lóṣòó.

Itan mi ń pariwo. Mo pa ẹnu itan mi dé.

Àwọn ìyá arúgbó ló kọ́kọ́ yé. Mo gbọ́ tí ọ̀kan wí lẹ́yìn mi pé, "Ẹ wo ọmọ yìí. Òṣómàáló ni."

"Ta ló jẹ ẹ́ ní gbèsè?" ni èkejì bi í.

"Ẹ fara balẹ̀," ni Ìyá Àgbà dá wọn lóhùn. "Ó ń bọ̀ lọ́nà. Ẹsẹ̀ ló ń fi bọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀ nínú pápá. Àwọn ènìyàn ń ti ara wọn wá síwájú. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ Bọ́lárìnwá dúró ní ìhà kejì, orin wọn ti ń rẹlẹ̀, mo sì rí ọ̀kan nínú wọn tó rọra bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tó yí inú rẹ̀ síta, tó tún un wọ̀.

Julianah wá dúró tì mí. Ó ṣì gbé aṣọ ìnura náà dání.

"Ṣé ó máa dé?" ló bi mí.

"Ó máa dé. Mo ti fún un lómi."

Ó sún mọ́ mi. "Lọ́jọ́ yẹn, nílé yín, ìgbà wo ni ẹ mọ̀ pé kò wá mọ́?"

"Ìrọ̀lẹ́."

"Ó sọ fún mi pé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n má wá." Ó ń ká aṣọ ìnura náà, ó tún ń tú u. "Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀ nílé wa. Aago mẹ́wàá."

Mo gbójú sókè wò ó. N ò kórìíra rẹ̀ mọ́.

"Ẹ má tètè se ìrẹsì," ni mo sọ fún un.

Ó fi aṣọ ìnura náà lé orí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì lọ.

Ó lé ní wákàtí mẹ́rin kí Bọ́lárìnwá tó yọ ní ẹnu ọ̀nà pápá. Kò sáré, kò rìn. Ó ń fa ara rẹ̀ bọ̀ bí alùpùpù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú. Pápá parọ́rọ́. Ó ń wo ilẹ̀ títí ó fi ku bí ìṣísẹ̀ mélòó kan, ló bá gbójú sókè, ó rí mi lórí òṣó mi, ó rí bàbá mi tó ti wá dúró lẹ́yìn mi. Ó rí agbádá náà. Ó mọ̀ ọ́n. Òun ló bá wa yan àwọ̀ rẹ̀.

Bóyá pajápajá ni, bóyá ohun mìíràn ni. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Ó fi ọwọ́ wọ́ ara rẹ̀ kọjá ìlà, apá rẹ̀ yẹ̀ pẹ̀lú, ó sì nà gbalaja níwájú wa, imú nínú yanrìn.

Bàbá mi yẹ aago wọn wò.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà," ni wọ́n wí, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń kí àlejò. "Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó dé. A ti ń retí yín."

Láti ẹ̀yìn wa ni Ìyá Àgbà ti dáhùn: "Àyà ẹ̀ ò kanlẹ̀. Ẹ ní kó tún un ṣe."

Ẹ̀rín bú. Gbogbo pápá ló rín in, títí kan àwọn tó yí síńgílẹ́ẹ̀tì wọn padà. Bọ́lárìnwá gbìyànjú láti dìde, itan rẹ̀ tún dì, ó tún nà sílẹ̀, àyà rẹ̀ sì kanlẹ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀kejì.

"Bàbá," ló wí sínú yanrìn, "ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ dárí jì mí."

"Mo ti gbọ́," ni bàbá mi wí. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi léjìká. "Rùkáyà, dìde, ọmọ mi. Ó ti san án."

Bọ́lárìnwá gbójú sókè wò mí, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fojú inú rí i nínú yàrá mi lọ́jọ́ tí làálì pọ́n lọ́wọ́ mi. Ẹyinjú yẹn náà ni. Mo wò ó títí, mo ń retí kí nǹkan yọ́ nínú mi. Kò sí ohun tó yọ́.

"Ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i nílẹ̀, Bàbá," ni mo wí. Mo fa aṣọ ìnura Julianah sábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo sì tún lóṣòó dáadáa.